Ọjọ́ Mẹ́ta Ni Wọ́n Fi Ń So Adìẹ Mọ́lẹ̀

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ojú ṣe ń ti èèyàn nínú ilé ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí adìẹ mẹ́rìnlélógún na ọrùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti máa wò yín, nígbà tí àpò oúnjẹ wọn ti tán tí ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ti máa rí òmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ayétòrò nìyẹn, lọ́dún tí wọ́n ti bọ́dà pa. Tíṣà ni mí. Ogójì ọmọ ló ń dìde kí mi láàárọ̀, mo sì lè fi ojú lásán pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Àmọ́ àwọn adìẹ yẹn, mi ò lè wò wọ́n lójú.

Adìẹ àgíríìkì ni wọ́n, àwọn pupa tí wọ́n ń sìn nítorí ẹyin. Inú kéèjì onírin ni mo kó wọn sí lẹ́yìnkùlé, mẹ́ta mẹ́ta nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ọpọ́n oúnjẹ níwájú, omi lókè, ẹyin á sì yí gbirigbiri wá síwájú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ sì ti fọ́n lọ síléèwé gíga, ohùn àwọn adìẹ yìí nìkan ló kù nínú ilé. Fíìdì inú àpò ni wọ́n ń jẹ, òun nìkan ṣoṣo. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀: má fún wọn ní nǹkan mìíràn, gbogbo ohun tí ara wọn ń fẹ́ ti wà nínú àpò. Mo gbà á gbọ́ bí ìwé mímọ́.

Màmá mi ò gbà á gbọ́ láti ọjọ́ kìíní. Ìlárá tí bọ́dà pín sí méjì ni wọ́n ń gbé, ní apá tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, nínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Ojú àwọn méjèèjì ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà kan tó wá yẹ ojú wò ní Ìmẹ̀kọ ti rí wọn, ó sì ṣàlàyé fún mi yékéyéké. Ti màmá mi, awọ funfun ló bo ẹyinjú, ó ṣeé ṣí nígbàkigbà. Ti ẹ̀gbọ́n wọn yàtọ̀. Èyí tó ń fọ́ni lórí, tó ń ti inú jẹ ojú ni tiwọn. Kí wọ́n tètè wá, nítorí èyí tó bá ti lọ nínú ìríran wọn kò ní padà mọ́.

Ẹ̀yin náà rí i pé ti ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n fárígá. Wọ́n ní ta ni yóò máa ṣọ́ ilé, ta ni yóò máa dá adìẹ tilé mọ̀ yàtọ̀ sí tàdúgbò, nígbà tí àbúrò àwọn ò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́? Kí àbúrò kọ́kọ́ lọ ṣí tirẹ̀, kí ó padà wá ṣọ́ ilé, nígbà náà ni àwọn á lọ. Kò sẹ́ni tó lè yí wọn lọ́kàn padà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe nìyẹn: ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Wọ́n ṣí ojú màmá mi ní Abẹ́òkúta, mo sì gbé wọn wá sílé mi kí ojú jinná. Ọjọ́ kọkànlá ni a gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ti bọ́dà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn dé, ó kọjá, òmíràn tún dé.

Kí màmá mi má bàa kú fún àìríṣe, adìẹ mi ni wọ́n dojú kọ. "Tíṣà," ni wọ́n máa ń pè mí tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Tíṣà, kí lò ń fún àwọn ẹran yìí jẹ? Lẹ́búlẹ́bú?"

"Fíìdì ni, Màámi. Gbogbo ohun tí ara wọn ń fẹ́ ló wà níbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?" Wọ́n fọ́ ẹyin kan sínú àwo, wọ́n tẹríba, wọ́n fi ojú tuntun wọn wò ó. "Pupa ẹyin yìí ò mà pupa. Ti adìẹ tèmi máa ń pọ́n bí epo."

Inú bí mi. "Adìẹ tiyín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́! Ó yé mẹ́wàá, ó sàba lé e lórí, ó tún fi oṣù méjì kó ọmọ kiri. Tèmi ń yé lójoojúmọ́ ni."

"Lóòótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n tèmi mọ̀ pé ọmọ lòun ń bí."

Ẹ ò rí wàhálà! Mo gbé àwo ẹyin náà, mo wọ ilé ìdáná lọ.

Mo máa ń ti géètì tí mo bá ń lọ síléèwé. Dókítà ní kí eruku má kàn wọ́n lójú, kí wọ́n má fínná, kí wọ́n má ṣubú. Mo wá gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Màá gbé ògì àti búrẹ́dì sórí tábìlì, màá tan tẹlifíṣọ̀n, màá fi àgádágodo ti géètì láti ìta, màá ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Tí mo bá dé, orí àga kan náà ni màá bá wọn, wọ́n ti kọjú àga náà sí géètì.

"Ojú tí wọ́n ṣí fún mi yìí," ni wọ́n sọ lọ́jọ́ kan, "ògiri rẹ ni mo ń fi wò." Wọ́n wá béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́. "Ṣé wọ́n ti ń kọjá? Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí o. Ojú wọn ò lè dúró."

"Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá, Màámi."

Ní oṣù àkọ́kọ́, òótọ́ ni, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ìròyìn burúkú ló kún ẹnu gbogbo èèyàn. Epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Fóònù ò wúlò, torí ẹ̀gbọ́n wọn ò ní, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn aládùúgbò wọn kì í wọlé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ síléèwé, ará Ìmẹ̀kọ ni, ó yíjú sẹ́yìn lórí ọ̀kadà, ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn fẹsẹ̀ kọjá ní Ìlárá o. Àwọn arúgbó, àwọn tí kò gbẹ́rù. Ọjà ni wọ́n ń lé, kì í ṣe èèyàn." Mo gbọ́ ọ. Etí mi kò di. Mo délé, màmá mi béèrè, mo sì dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn.

Kí ló dé? Mo ti bi ara mi títí. Ẹ̀rù ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ni, arúgbó obìnrin láàárín àwọn oníbọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ẹ̀rù nìkan ni, mo tún ń parọ́ fún ẹ̀yin náà nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi pé mo ń wọlé tí ẹnì kan ń sọ pé káàbọ̀. Mo ní wọn yóò ṣí bọ́dà pátápátá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi mọ́tò gbé wọn lọ bó ṣe tọ́. Ti ẹ̀gbọ́n wọn ńkọ́? Mo ní orí fífọ́ yẹn ti pẹ́ lára wọn, ọ̀sẹ̀ kan sí i ò lè ṣe nǹkan. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Fíìdì ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Ìyá tó ń tà á lọ́jà sọ fún mi pé dẹ́rẹ́bà tó ń kó o wá láti Abẹ́òkúta ti ní òun ò wá mọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dábùú ọ̀nà ló ti ń sọ àpò kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fi irin gún un, bóyá ìrẹsì òkèèrè ló wà nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èyí tó kù lò. Ìgbà tó yá, mo gbọn àpò náà, eruku lásán ló jáde, àwọn adìẹ sì na ọrùn jáde, wọ́n ń wò mí.

Mo wá ra àgbàdo gbígbẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó wá láti Imaṣàyí. Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe dà á sí ọpọ́n, ní odindi hóró. Ṣebí àgbàdo náà ni màmá mi ń pariwo rẹ̀ látọjọ́ yìí? Àwọn adìẹ yìí kọlù ú bí ẹni tó gbààwẹ̀. Mo kígbe wọlé pé, "Màámi, ẹ máa yọ̀ o! Àgbàdo ni wọ́n ń jẹ lónìí!" Wọ́n ń bínú sí mi lọ́jọ́ náà nítorí ọ̀rọ̀ bọ́dà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n fi dá mi lóhùn láti inú yàrá, wọn ò sì jáde.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bá méjì ní òkú. Ẹ̀kẹta ti dùbúlẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Yéè! Àrùn ti wọlé! Mo da oògùn sínú omi, mo fọ gbogbo irin, mo ń pariwo lé àwọn ẹyẹ tó ń fò kọjá pé àwọn ló kó o wá. Màmá mi jáde wá. Wọ́n ní kí n gbé èyí tó ń kú lọ náà fún àwọn. Wọ́n pajú dé, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní àpò ọ̀fun jẹ́jẹ́.

"Kí ló jẹ?"

"Àgbàdo náà ni."

"Òkúta ńkọ́?"

"Òkúta kẹ̀, Màámi?"

Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n la ọ̀kan nínú àwọn tó ti kú. Àpò ọ̀fun rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú fún àgbàdo tó ti wú tó sì ti ń kan. Wọ́n wá gé iwe rẹ̀ sí méjì, wọ́n nà án sí mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó rọ̀ múlọ́múlọ́.

"Tó o bá pa adìẹ tèmi, kí lo máa ń bá nínú iwe?"

"Yanrìn. Òkúta wẹ́wẹ́."

"Eyín wọn nìyẹn. Òun ni wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Àwọn tìrẹ wọ̀nyí, látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀ rí. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí òkúta ṣà jẹ? Oúnjẹ àpò yẹn, wọ́n ti bá wọn lọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwọ wá gbé eegun fún ọmọ tí kò tíì hu eyín."

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ti ya iwe adìẹ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún, tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Mo dúró síbẹ̀, iwe tútù lọ́wọ́ mi.

"Ṣí i," ni màmá mi wí. "Ṣí gbogbo ẹ̀."

Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kéèjì náà. Adìẹ kankan ò jáde. Ọwọ́ ni mo fi kó wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo sì ṣe ń gbé wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń lóṣòó. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún gbé e kalẹ̀. Màmá mi ti lọ ṣa yangí wẹ́wẹ́ lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fọ́n ọn sílẹ̀. Wọ́n kán òróró díẹ̀ sí ọ̀fun àwọn tí àgbàdo há sí lára, wọ́n ń fi àtàǹpàkò rọra pò ó títí ó fi rọ̀. Ẹ̀kẹta yẹn kú náà, òmíràn sì tẹ̀lé e. Ogún ló kù.

Láti ọjọ́ náà, màmá mi di ọ̀gá lẹ́yìnkùlé. Orí ọlọ ni wọ́n ti ń fọ́ àgbàdo náà sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ń po èèrí ògì mọ́ ọn. Wọ́n ń yan ìkarahun ìgbín, wọ́n ń gún un kúnná kí èèpo ẹyin lè le. Wọ́n já ilé ìkán lára ọgbà, wọ́n gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Adìẹ tó kọ́kọ́ rí ìkán wò ó títí tí ìkán fi gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Háà! Kí ẹ wá wo bí ó ṣe yí padà, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tan ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, oúnjẹ àpò ò ṣe wá níbi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò fi rí ẹyin kan. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ẹyin wọn ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Àṣá gbé ọ̀kan lọ lọ́sàn-án gangan, níṣojú mi. "Kò sí àṣá tó ń wọ kéèjì o, Màámi," ni mo sọ. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ìkán tó ń wọ ibẹ̀ náà." Ṣùgbọ́n pupa ẹyin náà pọ́n, màmá mi sì ń kọrin. Èmi wá ní ìdí méjì wàyí tí mo fi ń ti géètì: kí màmá mi má jáde, kí adìẹ má jáde.

Ọ̀kan wà nínú àwọn adìẹ yìí tí ọrùn rẹ̀ pá nítorí irin tó ń ha á. Kí n ṣáà ti ṣí géètì díẹ̀, ó ti jáde. Màmá mi fa ìró ògbólógbòó kan ya, wọ́n fi àkísà náà so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí igi gúáfà.

"Màámi! Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n tú wọn sílẹ̀, ẹ tún ń dè é?"

"Ta ló dè é? Mo ń fi ilé hàn án ni. Bí a ṣe ń ṣe adìẹ àlejò nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta, o tú u, ó ti mọ ilé. Tó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Ìgbà yẹn ló di pé o dè é."

Wọ́n tú u ní ọjọ́ kẹta lóòótọ́, kò sì lọ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan, obìnrin kan wá kan géètì, ó ní òun gbọ́ pé a ní ẹyin. Mo jẹ́ kó wọlé. Bó ṣe kí wa báyìí ni màmá mi dá ohùn ìlú wọn mọ̀, wọ́n yíjú padà. "Ọmọ, ará ibo ni ọ́?"

"Ìlárá ni, Màmá. Apá ọ̀hún. Àná ni mo kọjá wá."

"O kọjá? Báwo lo ṣe kọjá?"

"Mo fẹsẹ̀ rìn ni, Màmá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ́ ká kọjá, tá ò bá ṣáà ti gbẹ́rù."

Ẹyin wà lọ́wọ́ mi. Mo kó ẹyin fún un, ó dúpẹ́, ó lọ, ó sì ku èmi àti màmá mi.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Oṣù kejì."

"Oṣù wo la wà yìí?"

"Ìkarùn-ún, Màámi."

Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n wọlé, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ wọn. Ìgbà tó yá, wọ́n ní, "Lọ bá mi pe sẹ́mì," bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń pe ọ̀kadà. "Ní àárọ̀ ọ̀la."

Wọn ò gbé nǹkan kan nínú ohun tí mo rà fún wọn. Àpò aṣọ kékeré kan àti adìẹ ọlọ́rùn pípá yẹn, tí wọ́n wé mọ́ra, ni wọ́n gbé. Mo jókòó sẹ́yìn wọn lórí ọ̀kadà títí dé Ìlárá. Níbi tí wọ́n ti dábùú ọ̀nà, ọ̀gá kan wo adìẹ, ó wo màmá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ máa lọ." A rìn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìrìn náà ò tó èyí tí mò ń rìn láti ilé mi dé ìdí ọ̀kadà. Oṣù márùn-ún, nítorí ìrìn tí kò tó nǹkan yẹn.

Ẹ̀gbọ́n wọn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n kọjú sí wa gan-an. Wọn ò kí wa, títí a fi sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wa bọ́ sórí ẹsẹ̀ wọn.

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n wí.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n kígbe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Màmá mi ló lọ fi ara wọn sínú ọwọ́ náà. "Ṣé ojú rẹ là?"

"Ó là. Mo ń rí yín."

"A dúpẹ́. Orí tó ń fọ́ mi náà ti fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kó ìmọ́lẹ̀ lọ."

Mo gbé ẹ̀gbọ́n wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó tan iná sí wọn lójú, ó pa á, ó wò mí. Kò sí nǹkan tuntun tó fẹ́ sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, màmá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń so adìẹ náà mọ́ òpó. Ẹ̀gbọ́n wọn gbọ́ ọ, wọ́n fi ọwọ́ wá a títí wọ́n fi bá àkísà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta," ni wọ́n wí. Wọ́n wá yíjú síbi tí wọ́n ti gbọ́ mímí mi.

"Ọmọ mi, o ṣeun tó o tọ́jú àbúrò mi fún mi. Àwọn èèyàn ibí ń sọ pé ọ̀nà ṣeé kọjá. Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Tó bá ṣeé kọjá, ṣé àbúrò mi ò ní ti dé ni? Àbí ojú rẹ̀ ni kò tètè jinná?"

Mo la ẹnu.

Màmá mi ò gbé ojú kúrò lẹ́sẹ̀ adìẹ náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n," ni wọ́n wí. "Ojú mi ni kò tètè jinná."